Ọ́ìlì Ọkọ̀ Tí Kì Í Rìn Jìnnà

Kò sí ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ Ìyá Rọra tí kò mọ̀ pé obìnrin náà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. "Ẹ rọra, ẹ rọra" tó ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ilé ìwé rẹ̀ kò ju ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan lọ, àti àgbàlá gbalasa kan lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù tí wọn kò lò mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yí po àwọn táyà àlòkù tó tò kalẹ̀, jíà kìíní, jíà kejì, kí wọ́n dúró, kí wọ́n tún gbéra. Bí ọkọ̀ náà bá kú, ilé ìwé kú nìyẹn, nítorí kò ní òmíràn.

Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ìrìn ọkọ̀ náà sí. Wọ́n ti sọ fún un nígbà tó rà á pé, bó bá ti rin ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, kó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ìyá Rọra gba ọ̀rọ̀ yìí bí òfin. Àràárọ̀ ló ń wo mítà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì ń fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ wò. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, á bu díẹ̀ kún un. Ta ló tún fẹ́ tọ́jú ọkọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Aránṣọ ló wà nídìí ọkọ̀. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Ó ti ránṣọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ díẹ̀, ó wá pinnu pé òun náà á wa ọkọ̀ kí òun tó darúgbó. Ẹ̀rù ń bà á, ó di sítíárì mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe yí igun kẹta, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kó-kó-kó, iná pupa kan sì tàn níwájú wọn.

"Ẹ pa á. Ẹ tètè pa á," ni Ìyá Rọra wí. Ó jáde, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. Àyà rẹ̀ já. Inú ìbẹ̀rù yẹn ló ti yíjú sí Aránṣọ. "Ẹ ti ba ọkọ̀ mi jẹ́. Ṣé mi ò ní kẹ́ ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyẹn? Ọjọ́ orí yín ti kọjá ohun tẹ́ ẹ wá ń kọ́ yìí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń dúró de wákàtí tiwọn gbọ́ ọ ketekete. Aránṣọ bọ́ sílẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí ìborùn nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ìyá Rọra àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì. Elétí ni wọ́n ń pe bàbá tó ni ibẹ̀, torí etí ló fi ń mọ àìsàn ọkọ̀ kó tó fi ojú wò ó. Aránṣọ bá wọn ti ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró.

Elétí gbé orí irin gígùn kan lé ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí, ó ní kí wọ́n ṣáná sí i díẹ̀. "Ó tó. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì. Ohun tó jáde kò ṣàn. Ó ń fà bọ̀ ni, ó dúdú, ó ki bí ọ̀dà. Bàbá náà fi ìka méjì bù ú, ó fi wọ́n ra ara wọn, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì yìí?"

"Ọdún kẹ̀? Oṣù mẹ́sàn-án péré. Ẹ̀yin náà lẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìwé mi, Bàbá. Kò tíì rìn tó ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ kìlómítà."

Elétí wo ìwé, ó lọ wo mítà, ó padà wá wo ọ́ìlì. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń parọ́, kò sì mọ èyí tí yóò mú. Ó béèrè bóyá omi wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kò sí omi. Bóyá ayédèrú ọ́ìlì ló ń bù kún un? Inú agolo tó rà lọ́wọ́ Elétí fúnra rẹ̀ ló ti ń bù ú.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni bàbá náà wí. Ó fa àpótí kan, ó jókòó ti ọ́ìlì náà bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Rọra lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, àmọ́ ó fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà gan-an. "Ọ́ìlì yìí ò kúkú dín rí. Kí ló sọ ohun tó ń kún di báyìí?"

"Kíkún nìkan kọ́. Òun ló ń ru ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnnì, òun náà ni ooru ń jó. Tẹ́ ẹ bá fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan tán, tẹ́ ẹ wá bu omi tuntun kún omi ìfọṣọ yẹn, ṣé ó di omi mímu? Dídànù ló tọ́ sí i. Tó bá ti ki báyìí, kò lè gba ojú ihò tóóró kọjá mọ́, irin á wá máa ha irin. Gbogbo ìyẹn yé mi. Èyí tí ò yé mi ni pé ọkọ̀ yìí ò rìn."

"Ẹ má bínú o," ni ohùn kan wí lẹ́yìn wọn. Aránṣọ ni. "Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Ṣé dandan ni kó rìn? Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò kúrò lójú fèrèsé láti ọdún mọ́kànlá. Síbẹ̀, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń nu ọ́ìlì àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, tí mò ń kán tuntun sí i. Kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

Elétí yí ọrùn sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyá Rọra. "Wákàtí mélòó lóṣù ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí ń wà lórí iná?"

Wákàtí wákàtí ni Ìyá Rọra ń kọ́ èèyàn, ó sì ní ìwé òmíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń buwọ́ lù bí wákàtí rẹ̀ bá pé. Wọ́n ṣí i lórí itan Elétí. Ọgọ́rin wákàtí lóṣù kan, àádọ́rùn-ún nínú òmíràn. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

"Ẹni tó bá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin wákàtí rìn lójú títì," ni Elétí wí, "á ti lé ní ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n kìlómítà. Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ pé táyà lẹ̀ ń yí po. Iṣẹ́ tó ṣe ló mọ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó yẹ kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì yìí."

"Wákàtí ni mò ń tà, kìlómítà ni mò ń kà," ni Ìyá Rọra wí. Ojú tì í gidigidi. Inú àpò kan náà ni ìwé méjèèjì wà, kò sì fi ọ̀kan wo èkejì rí.

Elétí fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó dà á nù, ó yọ fítà, asẹ́ ọ́ìlì, tó ti dí, ó fi tuntun síbẹ̀, ó wá bu ojúlówó ọ́ìlì sí i. Ó ní kí wọ́n ṣáná. Kó-kó-kó. Iná pupa náà kò kú. Ìyá Rọra di etí ìjókòó mú. Nígbà tó ṣe, ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọlẹ̀, iná pupa kú. Elétí tún fi irin rẹ̀ sétí, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Á yè é," ló wí. "Àmọ́ irin tó ti jẹ kì í hù padà. Ẹ óò máa gbọ́ ariwo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù. Ẹ gbé e padà wá lẹ́yìn àádọ́ta wákàtí."

Ìyá Rọra dúpẹ́, ó dúpẹ́. Ó lè parí ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí ì bá bi í. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, Aránṣọ sì ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá Rọra wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ba ọkọ̀ yìí jẹ́. Èmi ni. Kẹ́ ẹ tó mọ ọ̀nà àgbàlá mi ni mo ti ń bà á jẹ́ bọ̀. Èyí tí mo sọ nípa ọjọ́ orí yín, kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi. Ẹ foríjì mí."

"Ó dùn mí," ni Aránṣọ wí. "Mo ti sọ lọ́kàn mi pé n kò ní padà wá mọ́." Ó wo ọkọ̀ náà, ó sì wo ìwé wákàtí tó ṣì wà lórí àpótí Elétí. "Ìṣẹ́jú mélòó ló kù nínú wákàtí mi?"

"Ogún péré lẹ lò. Ó ku ogójì."

Aránṣọ sọ báàgì rẹ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́.