Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín

“Yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò nínú ìwé ẹ,” ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. Kò rẹ́rìn-ín rárá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ló sọ ọ́ lórúkọ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà.

Abéèrè gbé aṣọ ìbùsùn tó ń ká sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Àwọn afọṣọ ló fún un lórúkọ yẹn nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ìyá rẹ̀, ọ̀gá wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó sì yíjú sí wọn.

Ìmọ̀ nípa ìgbé ayé àti àṣà àwọn èèyàn ni ọmọ yìí ń kọ́. Bí aládùúgbò bá béèrè bóyá dókítà ni yóò dà, ìyá á ní, “Rárá o! Tiwọn kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ìbéèrè ni wọ́n fi ń pa èèyàn.” Eré ni ìyá kọ́kọ́ pe ẹ̀kọ́ náà. Àfi ìgbà tí ọmọ náà wọ bàtà rọ́bà, tó ń bá wọn fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, tó ń bá wọn jẹun, tí àwọn tí kì í sọ tinú wọn sì ń sọ ọ́ fún un. Orí ìyá wú.

Tẹlẹ́rìn-ín ló wúwo jù. Ìṣojú ìyá ló ti sọ ọ́. Ọmọ Ẹlẹ́rìn-ín kú ní wọ́ọ̀dù òkè. Dípò kó lọ sílé, ó sọ̀ kalẹ̀ wá síbí, ó dúró títí aṣọ tí wọ́n fi bo ọmọ náà fi dé, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́. Olùkọ́ Abéèrè ní ìtàn yẹn ni òpó tó gbé iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè ró. Ọ̀la ni wọ́n máa gba iṣẹ́ ọ̀hún.

“Ọkọ mi ò mọ̀,” ni Ẹlẹ́rìn-ín ń bá a lọ. “Ó wá mi títí lọ́jọ́ yẹn, mo ní ọ̀dọ̀ dókítà ni mo wà. Ẹnu mi ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ.”

“Kò burú, Àǹtí. Màá yọ ọ́.”

“O ò bínú?”

“Ọ̀rọ̀ yín ni, mà. Mo ti sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹ lè gbà á padà nígbàkígbà.”

Bí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe gbé agbọ̀n jáde, ìyá fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ìkélé.

“Ṣé orí ẹ pé? Yí orúkọ ẹ̀ padà, pè é ní alásè! Ta ló máa mọ̀?”

“Òun fúnra ẹ̀ á mọ̀, Màámi.”

“Tí wọ́n bá ní kó o padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?”

“Màá padà lọ.”

Abéèrè dojú agbọ̀n kan dé, ó jókòó lé e, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó pe Ẹlẹ́rìn-ín pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó pa ojú ewé rẹ́ tẹ̀ lé ojú ewé, ó pa ohùn tó gbà sílẹ̀ náà rẹ́. Omi dà lójú Abéèrè fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín gbá a mọ́ra, ó ní, “Ọmọ gidi,” ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ìyá dúró, ó ń wò wọ́n. Ó ti rí ọ̀mọ̀wé púpọ̀ nílé ìwòsàn yìí, kò sí èyí tó wù ú bí ọmọ yìí. Gbogbo ìgbà tí Abéèrè ti bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ tirẹ̀, ìdáhùn kan náà ló ń fún un: ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín lọ tán, ìyá pa ẹ̀rọ ìlọṣọ.

“Tí mo bá sọ tèmi, tí mo wá ní kó o yọ ọ́ lọ́la ńkọ́? Nígbà tó o ti dé ẹnu ọ̀nà olùkọ́ ẹ?”

“Màá yọ ọ́.”

“Kó o má gboyè tìtorí ẹ̀?”

“Màá yọ ọ́, Màámi.”

Ìyá pa ilẹ̀kùn dé, ó fa agbọ̀n kan mọ́ra, ó jókòó kọjú sí i.

“Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí, bàbá ẹ ò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú. Tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ẹ.”