Ife Omi Lásán

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ ba àbúrò lẹ́nu bó ṣe ń gbé jọ́ọ̀gì omi sórí tábìlì. Ẹlẹ́ẹ̀kejì gbé e nà mọ́ ògiri. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó dùn ún. Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, irin ló ń jó, ló ń tẹ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀.

"Ọwọ́ pálábá ẹ ségi lónìí! Ìwọ lo ń pa wọ́n!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n…"

"Omi ẹ̀rọ! Omi tí ò ní iyọ̀ rárá lo ń dà fún ẹja òkun! Ṣé mo fọ́jú ni?"

Kò fọ́jú lóòótọ́. Orí àga irin tí òun fúnra rẹ̀ jó ni táǹkì gíláàsì tí ẹja ń gbé wà. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ín. Nígbà tí obìnrin náà kú, ẹja mẹ́rin ló fi sílẹ̀, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ, aláràbarà ni gbogbo wọn. Mẹ́ta ti kú láàárín oṣù méjì. Ó wá ku ẹyọ kan, tó pọ́n bí ọsàn, tó ní ìlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí wẹ́dà bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló kọ́kọ́ ń kí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà; wẹ́dà ti ń ṣọ́ ará ilé tipẹ́.

Àbúrò náà kì í ṣe ojo. Ó forí sọ ẹ̀gbọ́n níkùn, àwọn méjèèjì sì ya lu àga irin. Táǹkì mì jìgìjìgì, omi dà jáde, ó bo ẹ̀gbọ́n lójú, ó wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ta ló ráyè ìyẹn? Ó tu ú dànù, ó fún àbúrò lọ́rùn, ó sì ń gbá orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, títí alágbàfọ̀ ilé kejì fi já wọlé.

"Yéè! Ẹ fẹ́ pa ọmọ ìyá yín nítorí ẹja?"

Tipátipá ló fi tú ìka wẹ́dà kúrò lọ́rùn náà.

Àbúrò dìde jókòó, ó wúkọ́, ó tu eyín kan sọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́, ó gbé e sórí tábìlì.

"Mo lọ bá ẹni tó ta ẹja fún ìyàwó yín. Ó ní omi nìkan ló ń gbẹ nínú táǹkì, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹ̀yin wá ń fi omi iyọ̀ dí i láràárọ̀, iyọ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹ sáà tọ́ ọ wò."

Ó jáde. Alágbàfọ̀ dì í lápá mú kó má baà ṣubú.

Irọ́ ni, wẹ́dà ní. Ṣé ìyàwó òun ò fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ ni? Ife iyọ̀ kan sí korobá kan, òun ò sì yẹ̀ ẹ́ rí. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, òun á po tuntun, òun á fi kún un.

Ó lá ètè rẹ̀ tó bẹ́ nígbà tí wọ́n ya lu àga. Iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti omi táǹkì tó gbẹ mọ́ ọn. Ó ti ìka bọ táǹkì, ó lá a. Ó ta á lẹ́nu, ó korò. Ìgbà náà ló tó rí nǹkan funfun tó gbẹ mọ́ etí gíláàsì, èyí tó máa ń fi aṣọ ìyàwó rẹ̀ nù bí eruku.

"Yéè, orí mi."

Ẹja náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń yanu, ó ń pa á dé. Wẹ́dà sáré gbé jọ́ọ̀gì. Omi díẹ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀. Bí òun bá dà á tán lẹ́ẹ̀kan, ṣé kò ní pa á? Àbí díẹ̀díẹ̀ ni?

"Àbúrò mi, ife mélòó lo ti dà?"

Ó yíjú. Eyín wà lórí tábìlì. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.