Eyínfúnjowó Kò Sí Nínú Ìwé

Alhaji Mọ̀núrù, akọ̀wé ẹbí, rọra pa ìwé ìsọmọlórúkọ mọ́ṣáláṣí dé. Ó ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò délẹ̀, kò sí Eyínfúnjowó, ìyá Àmúdàtù, níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ló wí fún Àmúdàtù. "Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí níbí, a ò lè kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí. Gbogbo wa la jọ fẹnu kò sí i."

Ẹ wo ọ̀rọ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni Àmúdàtù nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, tí wọ́n gbé e wá sí ilé bàbá ìyá rẹ̀ yìí, l'Ẹnu Ọ̀wá. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin báyìí, wọ́n wá fẹ́ sọ ìyá tó bí i di àlejò ilé. Kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀, kò mọ ohùn rẹ̀. Orúkọ nìkan ló jogún, ìwé sì ń sẹ́ ẹ. Ó dùn ún wọra.

Jemilat ọmọ rẹ̀, tó ń ta léèsì lọ́jà Balógun, ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀bù nítorí ìwé yìí. Ó ti ṣí gbogbo ojú ewé tí kòkòrò ò tíì jẹ tán. Bó ṣe ń rò ó ni fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni.

"Ìbàdíàrán mi, mò ń bọ̀," ló wí, ó sì pa fóònù. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀.

Qaanitah lorúkọ ẹni tó pè é yẹn. Láti ọdún mọ́kànlélógún tí Jemilat ti wọlé ọkọ, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó wo ló máa pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ?

"Màámi, ta ló sọ fún yín pé Eyínfúnjowó ni wọ́n ń jẹ́?"

"Ìyá Àsíátù tó tọ́ mi ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi."

"Ṣé ó bá wọn nílé?"

"Ó bá wọn. Ó ní òun lòun máa ń dirun fún wọn."

Alhaji ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àgbà ti gọ̀ lónìí: orúkọ tí ìyàwó ilé fi ń kẹ́ ọmọ ni wọ́n ń wá nínú ìwé àlùfáà! Ó tún ìwé ṣí, orúkọ bàbá ló ń wá lọ́tẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ nílé pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Búráímọ̀ Télọ̀, bàbá ìyá Àmúdàtù, bí. Kò pẹ́ tí ìka rẹ̀ fi dúró.

"Sìnótù," ló kà, "ọmọbìnrin Búráímọ̀ Télọ̀, Ẹnu Ọ̀wá."

Orúkọ náà dé orí ahọ́n Àmúdàtù, ó sì gbé e mì, torí ọmọ kì í pe ìyá rẹ̀ lórúkọ, ìyá tí kò mọ̀ lójú náà ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe lè sọ lọ. Alhaji ti mú bírò láti kọ ọ́ sínú ìwé ẹbí, ṣùgbọ́n Àmúdàtù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mọ̀núrù," ló wí, "kọ́kọ́ tún un kà fún mi."