Ẹ̀bẹ̀ tí Pesha Jẹ Brayndl

Ó ti pẹ́ tí Pesha Lifshits ti ń wẹ òkú àwọn obìnrin àwa Júù ní Winnipeg, ní Kánádà, kò sì sí òkú tó bà á lẹ́rù rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní Brayndl Kaminer ló kú, ó fìdí lé àga ìdáná, kò lè dìde.

Ká má parọ́, Pesha dáa, ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Lọ́dún kan, wọ́n lé opó kan jáde kúrò nínú ilé tó háyà lọ́wọ́ Brayndl nígbà òtútù. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ láàárín wa lè dá kíka Tórà dúró ní ọjọ́ Sábáàtì títí ìjọ yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Pesha dìde nínú sínágọ́gù, ó dá a dúró nítorí opó náà, ó sì pe Brayndl ní ọ̀dájú lójú gbogbo ayé. Opó padà sílé rẹ̀, ìyẹn dáa. Àṣé àbúrò Brayndl ló lé e, nígbà tí Brayndl fúnra rẹ̀ wà ní ọsibítù, tí kò mọ nǹkan kan. Kò pẹ́ tí Pesha fi gbọ́ òótọ́ yìí. Kò bẹ̀bẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ìgbéraga kì í sì í jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ṣa èèpo rẹ̀.

"Àǹtí Pesha, ṣé kí n pe ẹlòmíì ni?" Mirele, tí wọ́n jọ ń wẹ òkú, bi í lórí fóònù.

"Ta lo fẹ́ pè nínú yìnyín yìí? Àwọn olówó ti sá fún òtútù lọ Florida. Wá gbé mi, jàre."

Wọ́n wẹ Brayndl láì sọ̀rọ̀. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n wọ aṣọ funfun tí kò lápò fún un. Pesha so ìgbànú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń wọṣọ fún ọmọ. Ó wá ku kí Pesha, olórí wọn, pe orúkọ òkú, kí ó tọrọ àforíjì fún àṣìṣe tí ọwọ́ wọn bá ṣe.

"Brayndl ọmọ Yekusiel," Pesha bẹ̀rẹ̀, "dárí jì wá bí ọwọ́ wa bá..."

"Ẹ parí ẹ, Àǹtí."

"Ọwọ́ wa kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́, Mirele. Ẹnu mi ni. Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti bú u, ṣé inú yàrá títì ni n ó ti wá bẹ̀ ẹ́?"

Níbi ibojì, kí wọ́n tó bu yẹ̀pẹ̀, Pesha bọ́ síwájú.

"Ẹ gbọ́ o. Mo ba obìnrin yìí lórúkọ jẹ́ nínú sínágọ́gù. Nígbà tí mo mọ̀ pé kò jẹ̀bi, mo dákẹ́. Brayndl, jọ̀ọ́, má bínú."

Rábì ń wo bàtà rẹ̀. Dvosye, ọmọ Brayndl, rìn wá bá a, Pesha sì ti múra àtigba èébú.

"Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí kálukú ń bẹ ẹni tó bá ṣẹ̀ kí ààwẹ̀ Yom Kippur tó wọlé, Mọ́mì máa ń yan kéèkì olóyin," Dvosye sọ. "Wọ́n á ní Pesha ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀, wọn ò ní jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, wọ́n á ní, 'Ó ti tó, ẹ gé e, ẹ jẹ ẹ́. Èmi ti dárí jì í tipẹ́. Òun ni ò wá gbà á.'"

Pesha bú sẹ́kún bí ọmọdé. Dvosye dúró tì í títí ó fi rọlẹ̀, ó wá gún ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, torí a kì í fà á lé ara wa lọ́wọ́ níbi ibojì. Pesha fà á yọ, ó sì bu yẹ̀pẹ̀ lé Brayndl.