Wínṣì Fàájáde

Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ agbẹ́kànga sì ti rì dé ìdí nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n Àbígbẹ̀yìn ń súfèé. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Fàájáde, jókòó sórí táyà ògbólógbòó lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọkùnrin tó fẹ́ ra wínṣì wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ tó bá rì. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò lọ́jú pọ̀: bí ọmọ bá fa ẹ̀rọ yìí jáde kí òjò tó dé, wínṣì di tirẹ̀, bí kò bá rí i fà, ọkùnrin yìí yóò rà á tòun ti ọkọ̀ tí wọ́n dè é mọ́.

Wínṣì náà kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ kékeré. Òróró tó ń fi tipátipá gba inú páìpù ló ń yí àgbá rẹ̀, wáyà tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé ló sì wé mọ́ àgbá náà. Àbígbẹ̀yìn fà. Ẹ̀rọ agbẹ́kànga mì díẹ̀, ó tún jókòó pa bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

“Mo sọ fún yín,” ni ọkùnrin náà wí. “Wínṣì yín ti darúgbó.”

Inú bí Àbígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló ń bínú sí. Ìkánjú ló jẹ́ kó gbé ọkọ̀ sún mọ́ ẹrẹ̀ jù. Wáyà pọ̀ lórí àgbá, bó bá sì ṣe ń wé léra tó ni agbára rẹ̀ ń dín kù tó. Ó tú àgbá sílẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ padà sẹ́yìn kí wáyà lè dín kù lórí rẹ̀.

“Ó ti ń sá lọ!” Ẹ̀rín gba ọkùnrin náà lẹ́nu.

“Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n,” ni Àbígbẹ̀yìn dáhùn láti ojú fèrèsé. “Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.”

Nínú iṣẹ́ yìí, aṣọ wúwo tó tutù gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà, kó má baà na èèyàn pa bó bá já. Ọmọṣẹ́ ló ń tẹ́ ẹ, ọ̀gá kì í tẹ́ ẹ. Aṣọ náà ti já bọ́ nígbà tí wáyà dẹ̀. Kí Àbígbẹ̀yìn tó sọ̀ kalẹ̀, bàbá rẹ̀ ti ká ṣòkòtò sókè, ó wọ ẹrẹ̀, ó tẹ́ aṣọ náà, ó sì yà kúrò lọ́nà.

“Ọ̀gá,” ló ké sí i, “mo ti tẹ́ ẹ o. Ẹ máa fà!”

Omi lé ròrò sójú Àbígbẹ̀yìn. Ó tẹ ọ̀pá wínṣì. Ẹrẹ̀ mí kanlẹ̀, ó sì tú ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí táyà rẹ̀ fi gun ilẹ̀ líle. Ìgbà náà ni òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kán.

Ọkùnrin náà yíjú sí Fàájáde. “Bàbá, ẹ kúkú tà á fún mi bó ti wà yìí.”

Fàájáde ń fún omi kúrò lára aṣọ náà. “Èmi kọ́ lẹ máa bi,” ló wí. “Ẹ bi ọ̀gá mi.”