Bàbá Àyálò

Wọ́n ní kí n lọ mú bàbá mi wá. Ẹ gbọ́ o, bí ẹni pé bàbá mi jẹ́ ìwé tí mo gbàgbé sílé!

Ọdún 1993 ni, mo wà ní SS Two. Ipò kejì ni mo máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá mi kó ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀lé ọkọ mìíràn lọ sí Kàdúná. Bàbá mi náà gba ilé fún ìyàwó tuntun ní Adéwọlé, ó ku èmi nìkan nínú yàrá wa lẹ́yìn Ọ̀fà Garage. Mò ń dá sè, mò ń dá jẹ, mò ń dá sunkún. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí n sùn lóru, kíláàsì ni mo ti ń sùn. Mo wá gba ipò ìkẹyìn. Ni purinsipá wa, Ìyáàfin Láníyọnu, bá fàáké kọ́rí pé mi ò ní ṣe ìdánwò bí bàbá mi ò bá wá rí òun.

Mo lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Challenge. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ṣàlàyé.

"Ràúdátù, ṣé o ò rí i pé ọwọ́ mi dí ni?" Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í. "Mọ̀múdù, jọ̀ọ́, bá mi tẹ̀lé e. Ṣáà sọ pé ìwọ ni bàbá ẹ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń háyà awakọ̀ ní gáréèjì kó wá ṣe bàbá wọn, torí wọ́n ń sá fún pàṣán. Tèmi wá yàtọ̀: bàbá mi fúnra rẹ̀ ló yá mi ní bàbá! Inú bí mi, mo ń yára rìn níwájú Mọ̀múdù títí a fi dé ọ́fíìsì purinsipá.

"Ẹ káàbọ̀, Àlájì," ni Ìyáàfin Láníyọnu wí. "Kí ló ń ṣe ọmọ yín nílé?"

Mọ̀múdù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí nǹkan kan o. Ara ẹ̀ le."

"Irọ́ ni, mà!" Mo ti pariwo kí n tó mọ̀. "Wọn kì í ṣe bàbá mi. Bàbá mi wà ní Challenge, wọn ò fẹ́ wá ni. Màámi náà ti lọ. Tí ẹ bá tún ní kí n lọ mú òbí wá, mi ò lọ. Ẹ nà mí tó bá wù yín, àmọ́ mo máa ṣe ìdánwò mi!"

Ojú ti Mọ̀múdù, wọ́láì. "Òótọ́ ló sọ, mà," ló wí. "Ẹ má bínú."

Ìyáàfin Láníyọnu nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Padà sí kíláàsì," ló wí. "O máa ṣe ìdánwò ẹ."

Lọ́jọ́ kejì, a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣirò nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá mi. Ó jọ pé Mọ̀múdù ti lọ fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Ó ń pariwo pé mo ti ba òun lórúkọ jẹ́, kí wọ́n pe ọmọ òun jáde. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà JS One ló dúró sí. Wọ́n ní mi ò sí níbẹ̀. Ó kọjá sí JS Two, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò mọ kíláàsì tí mo wà.

Tíṣà wa yíjú sí mi. "Ràúdátù, ṣé bàbá ẹ kọ́ nìyẹn?"

"Àwọn ni, sà."

"Dìde, lọ bá wọn."

Ó dùn mí wọnú eegun. Omijé ń bọ̀, mo gbé e mì, mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé tí a wà.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá mi, sà," ni mo wí. "Èmi náà ti wá wọn tó."