Oògùn Ojú Gàrúbà

Lọ́nà oko kòkó rẹ̀ ní Ararọ̀mí-Òwu ni Gàrúbà ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ojú òun. Kùkùté kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò rí i, ó fẹsẹ̀ kọ ọ́, ó ṣubú. Àṣíáwù ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ sílé ìwòsàn ojú ní Ìbàdàn, lọ́dún 1988. Dókítà ní omi inú ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń fún iṣan tó fi ń ríran pa díẹ̀díẹ̀. Ó fún wọn ní oògùn tí wọn yóò máa kán sójú láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì kọjú sí Àṣíáwù:

"Ìyá, èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́ o. Èyí tó kù la fẹ́ fi oògùn yìí ṣọ́. Bójú ò tilẹ̀ dùn Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró."

Àṣíáwù ń kán an déédéé títí ààwẹ̀ fi dé. Gàrúbà ní kíkorò oògùn náà ń dé ọ̀fun òun, òun ò ní í fi ba ààwẹ̀ jẹ́. Àṣíáwù sáré tọ Alfa Sàídì lọ. Alfa ní kí wọ́n máa kán an nígbà sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu.

"Ìyá Mọ́nsúrù, ṣé ojú ń dùn mí ni?" Gàrúbà bi í. "Látìgbà tóo ti ń kán an, ṣé mo wá ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Fi mí sílẹ̀ jàre."

Àṣíáwù dé ìgò oògùn náà, ó gbé e sílẹ̀. Ààwẹ̀ parí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oògùn mọ́.

Nígbà tí Iléyá ọdún kejì yóò fi kò, àwọn lébìrà ni Gàrúbà ń tọ ẹ̀yìn wọn dé oko, kò sì sọ fẹ́nì kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àṣíáwù gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, Gàrúbà ń fọwọ́ wá a kiri. Oòrùn ti yọ.

"Ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni?"

Wọ́n padà sí Ìbàdàn. Dókítà ní ojú ọ̀tún ti kú, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni tòsì ń rí. Nígbà tí mọ́tò tó ń gbé wọn padà sílé dé odò Aṣéjìre, Gàrúbà gbúròó afẹ́fẹ́ omi.

"Ṣé odò náà kún?"

"Ó kún, Bàbá Mọ́nsúrù. Ọkọ̀ ojú omi kan wà láàárín."

"Àìmọye ìgbà ni mo ti kọjá níbí tẹ́lẹ̀," ni ó wí. "N ò wò ó rí."

 Àṣíáwù ń sunkún láìjẹ́ kó dún, ṣùgbọ́n èjìká wọn kan ara wọn, Gàrúbà sì mọ̀.